Mo fẹ́ mú màmá mi rìn ní ìgbèríko Bakewell: ọ̀nà wo ni orúnkún wọn máa gbà?

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará wa nílùú òyìnbó. Sheffield ni mò ń gbé. Màmá mi wá kí wa láti Abẹ́òkúta, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n á sì wà títí ìparí oṣù kẹjọ. Láti ìgbà tí wọ́n ti dé, ṣọ́ọ̀bù àti ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ni wọ́n ń rí. Lánàá ni wọ́n bi mí pé ṣé ilé lórí ilé náà ni gbogbo ilẹ̀ yìí. Oko ni wọ́n dàgbà sí. Bí wọ́n bá rí koríko, àgùntàn àti odò tó ń ṣàn, inú wọn á dùn ju kí n tún mú wọn lọ wo ilé ìtajà lọ.

Ẹnìkan níbi iṣẹ́ mi ní kí n mú wọn lọ sí Bakewell ní Derbyshire, pé ìlú ọjà kékeré kan ni, pé ọ̀nà ẹsẹ̀ pọ̀ yí i ká. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni orúnkún wọn. Wọ́n lè rìn dáadáa lórí ilẹ̀ títẹ́jú bí wọ́n bá ń rí ibi jókòó sí, àmọ́ kí wọ́n máa pọ́n òkè, rárá. A ò ní mọ́tò. Ọ̀nà wo ni ká gbà? Mo sì tún gbọ́ pé àárín oko olóko ni àwọn ọ̀nà kan ń gbà kọjá: ṣé wọn ò ní lé wa? Àwọn màlúù tó wà níbẹ̀ ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Chesterfield

Àǹtí, ẹ kú ìtọ́jú màmá. Monsal Trail ni kí ẹ mú wọn gbà, ẹ má wulẹ̀ wá òmíràn. Ọ̀nà rélùwéè àtijọ́ ni, èyí tí ọkọ̀ ojú irin ń gbà láàárín Manchester àti London. Ní 1863 ni wọ́n ṣí i, ní 1968 ni wọ́n tì í pa, wọ́n sì hú irin kúrò nílẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin kì í lè pọ́n òkè ganngan, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gé òkè, tí wọ́n gbẹ́ inú àpáta, tí wọ́n sì na afárá sórí odò kí ọ̀nà náà lè tẹ́jú. Làálàá àwọn òṣìṣẹ́ ìgbà yẹn ni orúnkún màmá máa jẹ àǹfààní rẹ̀ lónìí. Máìlì mẹ́jọ àbọ̀ ni gbogbo rẹ̀, mọ́tò kì í gbà á, àwọn tó ń lo kẹ̀kẹ́ aláìlera pàápàá ń gbà á. Kìkì pé kí ẹ máa rìn lápá ẹ̀gbẹ́ kan, torí àwọn ọlọ́kadà ẹlẹ́sẹ̀, àwọn oníkẹ̀kẹ́ ni mò ń wí, wọ́n máa ń sáré.

Ohun kan wà tí wọn kì í sọ fún àlejò. Ibùdókọ̀ rélùwéè àtijọ́ ti Bakewell kò sí láàárín ìlú. Tí ẹ bá ti sọdá afárá, òkè gidi lẹ máa pọ́n kí ẹ tó débẹ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni orúnkún á ti kọ́kọ́ ké. Ẹ wọ takisí láti inú ìlú lọ sí Hassop Station, tó tó máìlì kan sí ibùdókọ̀ Bakewell lójú ọ̀nà kan náà. Ilé tíì wà níbẹ̀, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà níbẹ̀, ilẹ̀ tẹ́jú. Ẹ rìn síwájú títí màmá á fi ní ó tó, kí ẹ sì padà síbẹ̀ wá mu tíì.

Ọmọ Lísàbí, Manchester

Mo gbè é lẹ́sẹ̀. Bí màmá bá lè rìn ju máìlì méjì díẹ̀ lọ láti Hassop, ẹ máa dé ihò Headstone. Inú òkè ló gbà kọjá, gígùn rẹ̀ sún mọ́ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta mítà. Ọdún 2011 ni wọ́n ṣí àwọn ihò ọ̀nà yìí fún àwọn ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́, iná sì ń tàn nínú wọn lójú ọ̀sán. Ẹ fún màmá ní súwẹ́tà kí ẹ tó wọlé, torí otútù ibẹ̀ kò mọ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi sì máa ń kán láti òkè sí èèyàn lọ́rùn. Bí ẹ bá ti jáde lódì kejì báyìí, orí afárá lẹ wà. Odò Wye ń lọ nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, òkè aláwọ̀ ewé yí yín ká, àgùntàn á dà bí òwú tí wọ́n fọ́n sára òkè. Mo ti mú ọ̀pọ̀ èèyàn débẹ̀, kò sí ẹni tí kì í dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan.

Bí ìrìn yẹn bá pọ̀ jù fún wọn, kí takisí gbé yín lọ sí Monsal Head tààrà. Orí òkè ni, ẹ máa rí àfonífojì náà, bí odò ṣe yí kọ́rọ́, àti afárá ọ̀hún tí ihò ńlá márùn-ún wà lábẹ́ rẹ̀, láìrin ìrìn kankan. Ìjókòó wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n kọ́ afárá yìí, John Ruskin, òǹkọ̀wé ńlá ìgbà náà, fi ìbínú kọ̀wé pé rélùwéè ti ba àfonífojì náà jẹ́. Afárá yẹn kan náà ni gbogbo èèyàn ń wá yà fọ́tò báyìí. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí màmá bá ọ̀nà tó sọ̀ kalẹ̀ láti Monsal Head lọ sí afárá o. Ó ga, òkúta ibẹ̀ sì máa ń yọ̀ bí òjò bá ti rọ̀.

Bàbá Tólú, Derby

Ọmọ mi, jẹ́ kí n dáhùn ti oko olóko. Kò sẹ́ni tó máa lé yín bí ẹ bá wà lójú ọ̀nà. Lábẹ́ òfin ilẹ̀ yìí, ọ̀nà ẹsẹ̀ tó bá wà nínú àkọsílẹ̀ ìjọba ìbílẹ̀, gbogbo ayé ló ni ẹ̀tọ́ láti gbà á, ì báà jẹ́ àárín oko ọlọ́lá ló gbà. Olóko ò gbọ́dọ̀ dí i. Ẹ máa wo òpó àti ẹnu géètì: ọfà yẹ́lò ni ti ẹlẹ́sẹ̀ nìkan, ti búlúù ni ẹlẹ́sẹ̀, ẹlẹ́ṣin àti oníkẹ̀kẹ́ jọ ń gbà.

Wọn ò fi ẹ̀tọ́ yìí ta aráàlú lọ́rẹ. Ní 1932, àwọn òṣìṣẹ́ láti Manchester àti Sheffield wọ́ lọ sórí òkè Kinder Scout, níbi tí àwọn onílẹ̀ ti ń lé èèyàn, wọ́n sì ju àwọn kan nínú wọn sẹ́wọ̀n. Ní 1951, agbègbè yìí, Peak District, ló kọ́kọ́ di ọgbà ìjọba àpapọ̀ ní gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 2000, òfin mìíràn tún ṣí ọ̀pọ̀ ilẹ̀ orí òkè sílẹ̀ fún ẹlẹ́sẹ̀. Mo máa ń sọ èyí fún àwọn ọmọ wa tí wọ́n rò pé ibi àlejò ni àwọ́n ń rìn.

Bí ẹ ṣe bá géètì ni kí ẹ ṣe fi í sílẹ̀: bó bá wà ní títì, ẹ tì í padà. Ní ti màlúù, èyí tó bá ní ọmọ lẹ́sẹ̀ ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Ẹ má gba àárín òun àti ọmọ rẹ̀ kọjá, ẹ yà fún un, ẹ má sáré. Lórí Monsal Trail, ẹ ò ní bá màlúù pàdé.

Nọ́ọ̀sì Bùnmi

Ẹ̀gbọ́n, kí màmá lo ọ̀pá méjì. Ọ̀kan nìkan máa ń fi gbogbo ẹrù sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bí wọ́n bá ń lo oògùn, kí ó wà nínú báàgì tí ẹ gbé dání, pẹ̀lú omi àti oúnjẹ díẹ̀. Kóòtù òjò pọn dandan, kódà bí oòrùn bá ń ràn. Bí ẹ bá jókòó sínú koríko gíga, ẹ yẹ ara yín wò fún eégbọn nígbà tí ẹ bá délé. Tí ó bá ti gé èèyàn jẹ, ẹ fi tweezers fà á jáde láti ìdí orí rẹ̀. Bí awọ ara bá ń pọ́n roboto tí ó sì ń fẹ̀ lẹ́yìn náà, ẹ lọ rí dókítà, torí àrùn Lyme tí eégbọn máa ń kó ran èèyàn.

Ẹni tó béèrè

Ẹ ṣé gan-an, Ọlọ́run á bù sí i fún yín. Mo ka gbogbo rẹ̀ fún màmá, wọ́n ní Hassop ni kí á lọ. Nǹkan méjì ló kù. Ṣé wọn ò ní máa wò wá bákan níbẹ̀? Àti pé ọjọ́ wo ló dára jù nínú ọ̀sẹ̀, tí a bá fẹ́ rí ọjà náà pẹ̀lú?

Ẹ̀gbọ́n Wálé, Sheffield

Àbúrò, àwọn tí ẹ bá pàdé lójú ọ̀nà máa kí yín, ẹ dá wọn lóhùn, kí ẹ máa lọ. Àwọn aláwọ̀ dúdú ti ń rìn níbẹ̀ tipẹ́. Ní 2004 ni àwọn ọkùnrin wa kan dá ẹgbẹ́ arìnrìn-àjò ẹlẹ́sẹ̀ sílẹ̀ ní Sheffield níbí, wọ́n pè é ní 100 Black Men Walk for Health, orí àwọn òkè wọ̀nyí sì ni wọ́n ń rìn.

Ọjọ́ Ajé ni ọjà Bakewell, ọjọ́ náà ni wọ́n sì ń ta màlúù àti àgùntàn. Bí màmá bá fẹ́ràn ẹran ọ̀sìn, ẹ lọ lọ́jọ́ Ajé. Bọ́ọ̀sì 218 ló ń lọ láti Sheffield. Bí ẹ bá ti sọ̀, ẹ kọ́kọ́ mú wọn lọ sẹ́bàá odò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá òkúta àtijọ́. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú. Omi náà mọ́ débi pé ẹ máa rí ẹja tirautì tó dojú kọ ìṣàn, tí ìrù rẹ̀ ń mì jẹ́jẹ́ tí kò sì kúrò lójú kan.

Ashford-in-the-Water náà kò jìnnà, takisí díẹ̀ ni. Afárá kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti máa ń fọ àgùntàn nígbà àtijọ́. Wọ́n á kó àwọn ọmọ sínú ọgbà òkúta ní ẹ̀gbẹ́ kan odò, wọ́n á ti àwọn ìyá sómi lódì kejì, àwọn ìyá á sì lúwẹ̀ẹ́ tọ ọmọ wọn lọ. Ọgbà òkúta yẹn ṣì wà. Màmá máa gbádùn ìtàn yẹn.

Ìyá Ìbejì, Chesterfield

Àwọn kan á ní kí ẹ fẹsẹ̀ rìn láti Bakewell lọ sí Chatsworth, ààfin ńlá kan tó wà nítòsí. Ẹ má gbà. Òkè ló wà láàárín. Bó bá di ọjọ́ mìíràn, ẹ wọ ọkọ̀ lọ sí Edensor, abúlé tó wà nínú ọgbà Chatsworth. Wọn kì í gba owó lọ́wọ́ ẹni tó bá ń rìn nínú ọgbà náà, àfi tí ẹ bá fẹ́ wọ ààfin tàbí ọgbà òdòdó rẹ̀. Sàárè Kathleen Kennedy, àbúrò John F. Kennedy tó jẹ́ ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà kan, wà ní ṣọ́ọ̀ṣì ibẹ̀. Ààrẹ náà fúnra rẹ̀ wá síbẹ̀ ní oṣù kẹfà 1963.

Kí ẹ tó jáde nílé lọ́jọ́ Ajé, ẹ yẹ àkókò bọ́ọ̀sì tó gbẹ̀yìn wò. Ẹ sì gba nọ́ńbà onítakisí tó gbé yín lọ sí Hassop, kí ẹ dá àkókò tó máa padà wá gbé yín fún un, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í dúró dáadáa láàárín àwọn òkè yẹn.