Ẹ gbà mí o, wọ́n ti gba pálọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́

Aláṣọ Goma: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yin ìyá. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Goma ni mo wà, ní Kóńgò, nílé ọkọ. Láti oṣù kejì 2025, tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ M23 tó gba ìlú fún àwọn tó wà ní Bulengo, àgọ́ àwọn tí ogun lé kúrò nílé, ní wákàtí 72 kí wọ́n kó ẹrù wọn, ni àbúrò ìyá ọkọ mi ti kó ọmọ mẹ́fà wọ pálọ̀ mi. Bọ́kẹ́ẹ̀tì tí mo yà sọ́tọ̀ fún omi mímu, òun ló fi ń fọ ìtẹ́dìí ọmọ! Onígbáméjì sì wà nígboro. Mo sọ̀rọ̀ títí, ó ń wò mí bí ẹni tí ò gbọ́ Swahili. Báńkì ti tilẹ̀kùn mọ́ owó mi. Báwo ni mo ṣe máa lé wọn tí ọkọ mi ò fi ní bínú?

Ìyá Ìbejì, London: Lé wọn lọ síbo? Ṣé wọ́n ṣì nílé?

Àdùnní: Tèmi rèé o. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní ọ̀sẹ̀ méjì, ọdún mẹ́ta ló lò. Ọjọ́ tó máa lọ, ó gbé fáànù mi dání. Dá ọjọ́ fún wọn!

Mama Tóbi: Àdùnní, ta ló bi ọ́ ní fáànù? Ìwọ aláṣọ náà, ìyá ọkọ lò ń pè ní "ó"?

Àdùnní: Ẹ wá kó wọn sílé yín nígbà náà.

Aláṣọ Goma: Ẹ má bú mi. Sake ni ilé wọn, nǹkan bíi kìlómítà 25. Wọ́n ti ṣí páànù rẹ̀ lọ. Oko ẹ̀wà ẹ̀yìnkùlé, tó máa ń tutù yọ̀yọ̀ yẹn, wọ́n ní bọ́ǹbù tí ò tíì bú wà níbẹ̀. Bọ́kẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Ẹ ò dá mi lóhùn.

Ìyá Ìbejì, London: Ra òmíràn, fi ọ̀dà pupa sàmì sí i. Ṣùgbọ́n o ti dé oko ẹ̀wà yẹn rí, àbí?

Aláṣọ Goma: Oṣù karùn-ún 2021, Nyiragongo, òkè ayọnáyèéfín tó wà nítòsí wa, bú gbàmù, ìjọba ní ká kúrò nígboro. Oyún mi ti pé oṣù mẹ́jọ. Ẹ̀yìn ọ̀kadà ni mo wà dé Sake. Ọ̀dọ̀ wọn la wọ̀ sí. Orí ibùsùn wọn ni mo bímọ sí. Wọn ò bi wá ní ìgbà tí a máa lọ.

Àdùnní: Háà.

Mama Tóbi: Ìyẹn lo fi bọ́kẹ́ẹ̀tì bò mọ́lẹ̀ látàárọ̀?

Aláṣọ Goma: Mi ò ní mi ò mọoore. Ìrẹsì ilé ò ju kóńgò méjì lọ mọ́ (kóńgò tiwa ni mò ń wí o, kì í ṣe ìlú ọkọ mi).

Ìyá Ìbejì, London: Ṣé owó orí fóònù ń wọlé níbẹ̀? Fi nọ́ńbà ránṣẹ́ sí mi ní kọ̀rọ̀.

Aláṣọ Goma: Ó ń wọlé, mà. Ẹ ṣé gan-an. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ bọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn ṣì ń dùn mí o.