Báwo ni mo ṣe máa kọ orúkọ bàbá tó sọ ìtàn ère Èsìẹ́ fún mi sínú pírójẹ́ẹ̀tì mi?

Akẹ́kọ̀ọ́ Tánkè:

Àsàlámù àlékùn, ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin àgbà. Ọdún àṣekágbá ni mo wà níbí ní Ìlọrin, iṣẹ́ tí mò ń kọ sì dá lórí àwọn ère òkúta Èsìẹ́. Súpáfáísọ̀ mi ti dá orí kejì padà fún mi, bírò pupa ló kún inú rẹ̀. Ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń kọ sí etí ìwé láti òkè délẹ̀: "Ta ló sọ ọ́?"

Bàbá àgbàlagbà kan ní Èsìẹ́ ló sọ fún mi pé àlejò tó di òkúta ni àwọn ère wọ̀nyẹn. Bàbá ò kọ ìwé kankan, APA sì ni ìlànà títọ́ka sí ìwé tí ẹ̀ka wa ń lò. Ibo ni kí n fi orúkọ wọn sí? Yàtọ̀ sí ìyẹn, gbogbo èèyàn ló ń dárúkọ ìwé tí Phillips Stevens kọ lórí ère náà ní 1978, ṣùgbọ́n inú ìwé ẹlòmíràn ni mo ti ka ohun tó sọ. Ṣé mo lè kọ Stevens sílẹ̀ bẹ́ẹ̀? Ọ̀rẹ́ mi kan tún ní tí mo bá ti fi ọ̀rọ̀ ara mi sọ ọ́, kò sídìí láti dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Maléte:

Àbúrò, ọ̀rẹ́ rẹ ṣì ọ́ lọ́nà. Tí o bá yí ọ̀rọ̀ padà, àmì àyọlò nìkan ló kúrò níbẹ̀. Èrò ṣì jẹ́ ti ẹni tó ni ín, orúkọ rẹ̀ àti ọdún ìwé rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Tí o bá wá gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ bó ṣe wà gẹ́lẹ́, fi ojú ìwé kún un. Tí ọ̀rọ̀ náà bá tó ogójì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, APA ní kí o yà á sọ́tọ̀ ní ìpínrọ̀ tirẹ̀, kí o tì í wọlé díẹ̀, láì fi àmì àyọlò sí i.

Mo tún bẹ̀ ọ́, má ṣe ní kí ChatGPT bá ọ to àwọn ìwé ìtọ́kasí rẹ. Ó lè kó orúkọ òǹkọ̀wé, ọdún àti ilé ìtẹ̀wé jọ kí ó dà bí ìwé gidi, kí ìwé ọ̀hún má sì sí láyé. Zotero, ètò kọ̀ǹpútà tó ń bá èèyàn to ìwé ìtọ́kasí, ni kí o lò, ọ̀fẹ́ ni. Òun náà, yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò.

Olùkọ́ Omù-Àrán:

Ọmọ mi, mo kí ọ. Iṣẹ́ olùkọ́ ìtàn ni mo ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì, ọ̀rọ̀ bàbá Èsìẹ́ yìí ló sì ká mi lára jù nínú gbogbo ohun tí o béèrè.

Ìwé kan wà tí wọ́n kọ nípa ìlú kan ní ilẹ̀ Ìgbómìnà wa níbí. Mo ń kà á lọ, mo bá ọ̀rọ̀ bàbá mi níbẹ̀, bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́ gẹ́lẹ́, títí kan oríkì tí wọ́n máa ń kì sí àárín rẹ̀. Ẹni tó kọ ìwé náà wá sílé wa, a gbà á lálejò, ó gba ohùn bàbá sínú rẹ́kọ́dà. Ohun tó wá kọ ni pé "àwọn àgbà ìlú sọ pé." Àwọn àgbà wo? Bàbá mi lórúkọ. Wọ́n nílé, wọ́n lóyè, a sì mọ ẹni tó sọ ìtàn náà fún wọn. Nígbà tí ìdílé mìíràn dìde pé irọ́ ni, kò sí ohun kan nínú ìwé yẹn tí èèyàn lè tọ́ka sí láti mọ ẹnu tí ọ̀rọ̀ ti jáde. Ìtàn ìlú wa ní ẹ̀yà púpọ̀, agboolé kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Tí o bá kọ "àwọn àgbà," o ti da gbogbo wọn pọ̀, kò sì sẹ́ni tó lè tú u mọ́.

Ẹ̀dà keje APA, tó jáde ní 2019, ni kí o lò. Ọ̀rọ̀ tí ẹnì kan bá ọ sọ lójúkojú, tí òǹkàwé kò lè rí gbọ́ tàbí kà níbòmíràn, kì í wọ inú àkójọ ìwé tó wà lẹ́yìn iṣẹ́. Inú àlàyé rẹ gan-an lo máa fi sí: lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ, orúkọ ìdílé, "personal communication," lẹ́yìn náà oṣù, ọjọ́ àti ọdún. Ṣùgbọ́n ẹ̀dà keje yìí ṣe ohun kan tó dùn mọ́ mi púpọ̀. Tó bá jẹ́ ìtàn tàbí ìmọ̀ ìbílẹ̀ ni ẹni náà sọ fún ọ, ó ní kí o kọ orúkọ rẹ̀ ní kíkún, àwọn èèyàn tó ti jáde, ibi tó ń gbé, àti ohun mìíràn tó bá yẹ kí òǹkàwé mọ̀ nípa rẹ̀, kí ọjọ́ tó wá tẹ̀lé e. Ó tún ní kí ẹni náà fọwọ́ sí i pé kí orúkọ òun jáde, kí ohun tí o kọ sì bá ohun tó sọ mu. Torí náà, padà sọ́dọ̀ bàbá, ka ohun tí o kọ sí wọn létí kí o tó fi sílẹ̀.

Bí o bá débẹ̀, bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ wọn. Àbúrò lè máa jẹ́ orúkọ bàbá, kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀, máa jẹ́ orúkọ agboolé. Má fojú díwọ̀n rẹ̀. Alájì, Olóyè, Ọ̀jọ̀gbọ́n, wọn kì í wọ inú ìtọ́ka. Kì í ṣe àrífín, inú àlàyé ni kí o ti fi oyè wọn pọ́n wọn lé.

Chicago, ìlànà ìtọ́kasí mìíràn, ni ọ̀pọ̀ àwa tó ń kọ ìtàn ń lò, a sì máa ń to àwọn tí a fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò sí ẹ̀yìn iṣẹ́: orúkọ, ọjọ́ orí, iṣẹ́, ibi tí a ti pàdé, àti ọjọ́ náà. APA kò ní kí o má ṣe irú rẹ̀ bí àfikún. Bá súpáfáísọ̀ rẹ sọ ọ́.

Ní ti Stevens, ohun tí o kà ni kí o sọ pé o kà. Kọ Stevens, 1978, "as cited in," lẹ́yìn náà orúkọ òǹkọ̀wé tí ìwé rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ, àti ọdún tirẹ̀. Ìwé kejì yẹn nìkan ló máa wà nínú àkójọ. Ṣùgbọ́n tí o bá lè rí ti Stevens fúnra rẹ̀, ó sàn jù. Àkọlé rẹ̀ ni The Stone Images of Esie, Nigeria, Ibadan University Press ló tẹ̀ ẹ́. Béèrè ní ilé ìkàwé yín, kí o sì béèrè ní mùsíọ́ọ̀mù Èsìẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1945. Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn ni pé iye àwọn ère náà ń yàtọ̀ láti ìwé dé ìwé. Òǹkọ̀wé kan wo ti èkejì, ó kọ ọ́, ẹlòmíràn tún wo tirẹ̀. Ẹni tó bá tọ ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹni tó kà wọ́n gan-an ló lè mọ ibi tí iye kọ̀ọ̀kan ti wá.

Ọmọ Ọ̀fà:

Bàbá, ẹ ṣeun gan-an. Ẹ jọ̀wọ́, èmi ń kọ tèmi lórí Àfọ̀njá, ìwé Samuel Johnson, The History of the Yorubas, ni mo sì ń lò jù. Gbogbo èèyàn ń kọ 1921, ṣùgbọ́n ọdún tó wà nínú èyí tó wà lọ́wọ́ mi kò jọ ọ́ rárá. Èwo ni kí n kọ?

Olùkọ́ Omù-Àrán:

Méjèèjì. APA ní kí o kọ ọdún tó kọ́kọ́ jáde, kí o fa ìlà ìdábùú kan, kí ọdún ẹ̀dà tìrẹ tẹ̀lé e. Tí tìrẹ bá jẹ́ 2010, Johnson, 1921/2010 ni wàá kọ.

Ó ṣe pàtàkì fún ìwé yẹn ju ọ̀pọ̀ ìwé lọ. Johnson parí iṣẹ́ rẹ̀ ní 1897. Ìwé àfọwọ́kọ tó fi ránṣẹ́ sí Gẹ̀ẹ́sì sọnù. Ó kú ní 1901, àbúrò rẹ̀, Obadiah Johnson, ló tún un kọ láti inú àwọn àkọsílẹ̀ tó fi sílẹ̀ kí ó tó jáde ní 1921. Tí o bá kọ 2010 nìkan, òǹkàwé á rò pé ẹni òní ló ń sọ̀rọ̀ Àfọ̀njá. Sọ ìtàn ìwé náà ní ìlà díẹ̀ ní orí kìíní rẹ. Ní ti ojú ìwé, nọ́ńbà tó wà nínú ẹ̀dà ọwọ́ rẹ ni kí o kọ. Má ṣe wo ti ẹlòmíràn kọ, torí wọ́n lè máà bára mu.