"Ìwúwo ilẹ̀" kọ́ ni ẹ̀rọ gámà ń wọ̀n

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ẹ ní ká máa pe ohun tí ẹ̀rọ gámà, èyí tí àwọn tó ń ṣe ọ̀nà fi ń yẹ ilẹ̀ tí rólà tẹ̀ wò, ń wọ̀n nínú ilẹ̀ ("density" lédè Òyìnbó) ní "ìwúwo ilẹ̀". Àbúrò tó dáhùn yín ní "ìki" ló dáa jù, bíi ti ẹ̀kọ tó ki. Ẹ má bínú, mi ò fara mọ́ méjèèjì.

Ẹ jẹ́ ká dé ìsọ̀ gàrí ní Mile 12. Oníbàárà á ní, "Ìyá, ẹ bá mi jan kóńgò yẹn mọ́lẹ̀ kẹ́ ẹ tó dà á." Wọ́n á jàn án lẹ́ẹ̀mejì, gàrí á wálẹ̀, wọ́n á tún bu òmíràn lé e. Kóńgò ò tóbi sí i, àmọ́ gàrí inú ẹ̀ ti pọ̀ sí i. Ohun tó yí padà yẹn gan-an la ń wá orúkọ fún. Ẹni tó bá ra kóńgò mẹ́wàá, ẹrù tiẹ̀ á wúwo ju ti ẹlẹ́yọ kan lọ, síbẹ̀ bákan náà ni wọ́n ṣe kì í. Ẹrù ló ni ìwúwo.

"Ìki" ńkọ́? Epo pupa ki ju omi lọ, síbẹ̀ orí omi náà ló ń léfòó sí. Ìki kọ́ la ń wá nìyẹn.

"Ìkìpọ̀" ni mo mú wá, láti ara kì, bí a ṣe ń kì aṣọ sínú àpò. "Pọ̀" yẹn ni ò ní jẹ́ kó jọ kì ti oríkì.

Mo ti dúró wo ẹ̀rọ náà lójú ọ̀nà kan tí wọ́n ń ṣe ní Ṣómólú. Wọ́n fi irin àti òòlù lu ihò sínú ilẹ̀ pupa tí rólà ti tẹ̀, wọ́n gbé ẹ̀rọ lé e, wọ́n ti ọ̀pá rẹ̀ bọ ihò. Cesium-137, èròjà tó ń tú ìtànṣán gámà jáde, wà bíńtín létí ọ̀pá náà. Ìtànṣán gámà á gba inú ilẹ̀ wá sábẹ́ ẹ̀rọ, níbi tí wọ́n ti ń kà á fún nǹkan bí ìṣẹ́jú kan. Bí ilẹ̀ bá kì pọ̀, ìtànṣán á máa kọlu nǹkan lọ́nà, díẹ̀ ló máa yọ. Bí ilẹ̀ bá fúyẹ́, á rọ́ wá. Kò sẹ́ni tó gbé erùpẹ̀ kankan sórí òṣùwọ̀n.

Ibi tó ṣì ń dùn mí nìyí: omi inú ilẹ̀ wà nínú ohun tí gámà kà. Neutron, ìtànṣán mìíràn, ni ẹ̀rọ kan náà fi ń wá omi yẹn, kí wọ́n lè yọ ọ́ kúrò nínú ìṣirò. Orúkọ méjì la nílò nígbà náà. Mo ní "ìkìpọ̀ tomi-tomi" àti "ìkìpọ̀ gbígbẹ". Èkejì tẹ́ mi lọ́rùn. Àkọ́kọ́ ò tíì dùn létí mi, ẹ bá mi wá èyí tó sàn jù ú lọ.