Ṣé àga wà níbẹ̀? Èsì mi lórí títúmọ̀ “party” sí Dáníìṣì

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí láì dá sí i, ṣùgbọ́n níbi tó dé yìí, ẹnu ti ń yún mi. Fún ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé: wọ́n béèrè pé tá a bá rí “party” nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì tá a fẹ́ sọ di èdè àwọn ará Dẹ́nmárkì, kí ni ká kọ? Ẹ̀gbọ́n wa àgbà ní “fest” ni, ìyẹn ọ̀rọ̀ wọn fún àríyá, ó parí. Àǹtí wa tó wà ní Aarhus, ìlú kan ní Dẹ́nmárkì, ní ká fi “party” sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, torí àwọn ọmọ Dẹ́nmárkì fúnra wọn ti yá a lò tipẹ́.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Àǹtí, ẹ forí jì mí. Ọ̀nà méjèèjì ni mo ti tọ̀, méjèèjì ló sì ti dójú tì mí rí.

Èyí tó ṣì ń dùn mí dòní ni ti ìyá kan láti Ìjẹ̀bú tó ń gbé ní Odense, ní Dẹ́nmárkì níbẹ̀ náà. Ó fẹ́ ṣe ọjọ́ ìbí 50 ọdún, ó sì fẹ́ pe àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Ó kọ ìwé ìpè lédè Gẹ̀ẹ́sì, ó ní kí n bá òun sọ ọ́ di Dáníìṣì. Mo kánjú. Ibi tó kọ “party” sí, mo fi “party” sí i. Ibi tó kọ aago 8 alẹ́ sí, mo kọ aago 8. Nígbà tọ́jọ́ pé, aago 8 kò tíì lé ní ìṣẹ́jú márùn-ún tí gbogbo wọn fi pé síbẹ̀, ṣòkòtò jíǹsì lára, ìgò wáìnì lábíyá. Wọ́n ti jẹun alẹ́ wá láti ilé. Ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù ìkòkò ńlá méjì, ẹran ewúrẹ́, mọ́ínmọ́ín, gbogbo rẹ̀ ń tutù lórí tábìlì. Ọlọ́jọ́ ìbí wọ léèsì, ó we gèlè, ó jókòó sáàárín àwọn tó ń wá ibi tí wọ́n máa fẹ̀yìn tì mutí. Wọ́n bu ìrẹsì ṣíbí méjì-méjì, kójú má baà tì í. Wọn ò ṣẹ̀. Èmi tí mo túmọ̀ ni mo ṣẹ̀.

Ohun tí “party” ń sọ fún ọmọ Dẹ́nmárkì nìyẹn, pàápàá tí aago 8 bá tẹ̀ lé e: jẹun kó o tó wá, orin á ròkè, orí ìdúró la máa wà, mú ọtí díẹ̀ dání. Wọ́n yá ọ̀rọ̀ náà lóòótọ́, àmọ́ wọ́n gé e kúrú. Àwa tá a yá “pátì”, ńṣe la fẹ̀ ẹ́: òkú bàbá arúgbó, ìkómọjáde, ìṣílé, pátì ni gbogbo rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń jẹun nílé kó tó lọ. Ilé méjì ni ọ̀rọ̀ kan náà lọ gbé, ìwà tó kọ́ níbẹ̀ sì yàtọ̀.

“Fest” tí Ẹ̀gbọ́n fà yọ sún mọ́ ọn díẹ̀ sí i, mo gbà. Ká ní mo kọ “fest”, kí n sì fi aago 6 ìrọ̀lẹ́ sí i, ebi ni wọn ì bá gbé wá. Ṣùgbọ́n “fest” náà lójú méjì. Kí ọmọ ọdún 17 sọ lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì pé òun ń lọ “til fest”, ijó àti ọtí ló ń sọ. Ó lè ní “forfest” ṣáájú, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń mutí kí wọ́n tó lọ mutí, kó sì tún ní “efterfest” lẹ́yìn rẹ̀. Kí ìyá rẹ̀ ní òun fẹ́ ṣe “fest”, ó ti gba gbọ̀ngàn nìyẹn, ó ti bá alásè sọ̀rọ̀. Tó bá wá jẹ́ “selskab” ló pè é, ẹ lọ lọ aṣọ yín. Selskab yìí kan náà ni wọ́n ń pe ilé iṣẹ́ o. A/S tẹ́ ẹ máa ń rí lẹ́yìn orúkọ ilé iṣẹ́ wọn, “aktieselskab” ni. Ẹgbẹ́ kíkó ni ìpìlẹ̀ rẹ̀, ì báà jẹ́ torí oúnjẹ, ì báà jẹ́ torí owó.

Ìdí tí mo fi ń sọ fún àwọn tí mò ń kọ́ níṣẹ́ nìyí pé kí wọ́n yéé béèrè pé kí ni party ń jẹ́. Kí wọ́n béèrè pé: ṣé àga wà fún mi níbẹ̀?

Àga yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Níbi fest àgbàlagbà, orúkọ rẹ wà lórí páálí kékeré níwájú àwo rẹ, “bordkort” ni. Onílé á ti jókòó ro bó ṣe máa to gbogbo yín, ta ni yóò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ta. Ìyẹn ni “bordplan”. Wọ́n lè fi ọ́ sí ìhín kí wọ́n fi ìyàwó rẹ sí ọ̀hún. Kì í ṣe ìjà, wọ́n fẹ́ kẹ́ ẹ bá ẹlòmíì sọ̀rọ̀ ni. O lè wà lórí àga yẹn fún wákàtí mẹ́rin. Láàárín oúnjẹ kan sí òmíràn ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ìyìn, ẹni tó bá sì fẹ́ sọ̀rọ̀ á ti fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tí wọ́n ń pè ní “toastmaster”. Ẹ má fi MC tiwa wé e. Ẹ̀gbọ́n tàbí ọ̀rẹ́ onílé ni lọ́pọ̀ ìgbà, kò gba kọ́bọ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí ọ̀rọ̀ má gùn títí ẹran á fi tutù. Alága ìdúró jọ ọ́ díẹ̀, bá a bá yọ orin kúrò lẹ́nu rẹ̀.

Orin sì wà lọ́tọ̀. Mọ̀lẹ́bí á mú ohùn orin tí gbogbo ayé mọ̀, wọ́n á kọ ọ̀rọ̀ tuntun sí i, wọ́n á sì tú àṣírí ọlọ́jọ́ ìbí síbẹ̀: mọ́tò tó kọ́kọ́ rà tí kò rìn dé ilé, ọmọge tó kọ̀ ọ́. Wọ́n á tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, wọ́n á pín in, gbogbo ilé á wá kọ ọ́ láti ẹsẹ kìíní dé ìparí, àti olóhùn àti aláìlóhùn. “Lejlighedssang” lorúkọ rẹ̀. Níbì kan tí mo lọ, inú ọkọ̀ ojú omi kékeré tí wọ́n fi páálí kàn ni wọ́n kó ìwé orin sí, torí apẹja ni bàbá tí wọ́n ń yẹ́ sí. A jókòó tì í fún wákàtí kan, a rò pé ẹ̀ṣọ́ lásán ni, àfìgbà tí ọmọ rẹ̀ obìnrin ṣí òrùlé ọkọ̀ náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í pín orin. Àní ọkọ̀ páálí yẹn lórúkọ lédè wọn: “sangskjuler”, afi-orin-pamọ́. Ẹnì kan nínú yín kọ̀wé lánàá pé “party song” ni Gẹ̀ẹ́sì lejlighedssang. Rárá o. Èyí tí díjéè ń lù ni party song. Tẹ́ ẹ bá ní kí n fi Yorùbá pè é, “orin ìyẹ́nisí” ni màá dábàá. Ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò.

Tí òru bá wá jinlẹ̀, wọ́n á gbé “natmad” jáde, oúnjẹ òru: ọbẹ̀ olómi gbígbóná, tàbí sọ́séèjì nínú búrẹ́dì. Inú rere ni, àmọ́ ó tún ń sọ pé ilé ti tó ó lọ. Atúmọ̀ tó bá pè é ní oúnjẹ alẹ́ ti ba nǹkan jẹ́.

“Celebrate” ńkọ́? Èyí tiẹ̀ rọrùn fún ọmọ Yorùbá ju fún Gẹ̀ẹ́sì lọ. Àwa ń “ṣe” ọdún, a sì ń “ṣe” ọjọ́ ìbí, ọ̀rọ̀ kékeré tí kò pariwo. Àwọn ọmọ Dẹ́nmárkì ní irú rẹ̀ gẹ́lẹ́: “holde”, ìyẹn dì mú. Wọ́n ń dì Kérésì mú, “holde jul”. “Fejre” ni tìgbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ yẹ́ ènìyàn tàbí àṣeyọrí sí. “Feste” ni tìgbà tẹ́ ẹ ń jayé orí yín. Ẹni tó bá kọ “feste” fún ọjọ́ ìrántí àwọn tó kú sógun, ọlọ́pàá ló kù ká pè fún un.

Mo fẹ́ràn àwọn ọ̀rọ̀ àtijọ́ wọn, ẹ fún mi láyè díẹ̀. “Øl” ni ọtí bíà. Láyé ọjọ́un, bí wọ́n bá bímọ, wọ́n á mu ọtí ọmọ, “barnsøl”. Ó rọra fún mọ́ra títí ó fi di “barsel”. Lónìí, ẹni tó bá sọ pé òun wà lórí barsel, ìsinmi ìbímọ ló wà, kò sí bíà kankan níbẹ̀. Ọtí òkú, “gravøl”, ò tíì gbàgbé ara rẹ̀: àpèjẹ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti sin òkú ni títí di òní. Èyí tó jọ mí lójú jù ni “bryllup”, ìgbéyàwó. Eré sísá ìyàwó ni wọ́n fi sọ ọ̀rọ̀ náà níbẹ̀rẹ̀, ìyẹn mímú ìyàwó lọ sílé ọkọ. Àwa gbé ìyàwó, àwọn sá a lọ. Òkun ló wà láàárín wa o.

Ẹ jẹ́ ká tún padà sọ́rọ̀ yíyá. Àǹtí bi wá pé bí Dansk Sprognævn, àjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1955 láti máa bójú tó èdè wọn, kò bá kọ̀ fún ọ̀rọ̀ àjèjì, ta ni àwa láti kọ̀? Òótọ́ ni pé àjọ náà kì í lé àwọn ọ̀rọ̀ àjèjì, ńṣe ló ń ṣọ́ wọn tó ń kọ wọ́n sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo “polterabend”. Ọ̀dọ̀ àwọn ará Jámánì ni wọ́n ti gbé e wá. Lọ́hùn-ún, àwo ni wọ́n ń fọ́ ní alẹ́ tó ṣáájú ìgbéyàwó. Ní Dẹ́nmárkì, àwọn ọ̀rẹ́ á wọ ọkọ ìyàwó jáde láti ilé ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú, wọ́n á fi aṣọ ẹ̀sín wọ̀ ọ́, wọ́n á fà á yí ìlú ká. Kò sí àwo, kì í sì í ṣe alẹ́ ọjọ́ yẹn. Orúkọ ló wọlé, ìwà rẹ̀ dúró sí ẹnubodè. “Housewarming”, àríyá ìṣílé, ní tirẹ̀ wọlé tòun tẹrù, ẹ fi í sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé “indflytterfest” ni mo fẹ́ràn. “Babyshower”, àríyá tí wọ́n ń ṣe fún aláboyún, ẹ jẹ́ kí òun náà máa lọ. Mi ò bá ọ̀rọ̀ yíyá jà. Ohun tí mò ń sọ ni pé kí á wo ohun tó dà lẹ́yìn tí wọ́n yá a.

Ìkìlọ̀ kékeré méjì. Àríyá Kérésì ti ibi iṣẹ́, “julefrokost” ni, oúnjẹ ọ̀sán Kérésì. Ẹ má jẹ́ kí “ọ̀sán” tàn yín, alẹ́ ló sábà máa ń jẹ́, òwúrọ̀ ọjọ́ kejì kì í sì í rọrùn. Bẹ́ ẹ bá kọ “julefest” síbẹ̀, ẹlòmíì á mú ọmọ dání wá jó yí igi Kérésì ká. Èkejì: “party” inú ìwé àdéhùn, “part” ni, ti olóṣèlú, “parti” ni. Mo ti gba iṣẹ́ kan tí ẹ̀rọ kọ́kọ́ túmọ̀, níbi tí ẹni kẹta nínú àdéhùn ti di “tredje fest”, àríyá kẹta. Mo rẹ́rìn-ín títí, mo sì fi owó kún owó iṣẹ́ mi.

Ìyá Ìjẹ̀bú yẹn tún pè mí lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Òun àti ọkọ rẹ̀ ti pé 25 ọdún nílé ọkọ, ó tún ti kọ “anniversary party” sínú ìwé ìpè. Wọn kì í pè é bẹ́ẹ̀: 12 ọdún àtààbọ̀ ni ìgbéyàwó bàbà, “kobberbryllup”, 25 ni ti fàdákà, “sølvbryllup”, 50 ni ti wúrà. Mo bi í léèrè pé àga mélòó? Ó ní 60. Mo kọ “sølvbryllup” àti “fest”, mo fi aago 6 sí i, mo fi “S.U.” sí ìsàlẹ̀ kí wọ́n lè fèsì. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, kí wọ́n tó jí, àwọn aládùúgbò ti fi ewé igi tútù kọ́ ẹnu ọ̀nà kan yí ilẹ̀kùn wọn ká, “æresport”, wọ́n kọ 25 aláwọ̀ fàdákà sí òkè rẹ̀, wọ́n dúró níta ń kọrin. Ìyá jáde tòun ti ìborùn lórí, ó ń sunkún, ó sì ń béèrè lọ́wọ́ mi lórí fóònù bóyá ó yẹ kóun ná wọn lówó. Mo ní kọfí àti búrẹ́dì ni.

Nírọ̀lẹ́, àwọn ọmọ Dẹ́nmárkì pé ní aago 6 géérégé, ebi ń pa wọ́n. Àwọn tiwa dé ní aago 8 kọjá ìṣẹ́jú 40, nígbà tí wọ́n ti kọrin tán, mogbọ́-moyà méje sì tẹ̀ lé wọn, tí orúkọ ìkankan wọn kò sí nínú bordplan. Ẹnì kan dìde bi mí pé kí ni wọ́n ń pe irú àwọn yẹn. “Ubuden gæst” ni Dáníìṣì tó wá sí mi lẹ́nu, ẹni tí a kò pè, àmọ́ orúkọ tí wọ́n fi ń pe olè tó fọ́ ilé náà nìyẹn, mi ò lè sọ ọ́ sétí àwọn èèyàn wa. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tó dáa ju ìyẹn lọ, kó jọ̀ọ́ kó fi ránṣẹ́.