Bọ́tìnnì kan ń sọ̀ kalẹ̀ nínú LinearLayout

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Áàpù Android ni mò ń ṣe. Mo to bọ́tìnnì mẹ́ta sórí ìlà kan nínú LinearLayout (àpótí tó ń to nǹkan tẹ̀ léra wọn), mo fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní layout_weight 1 (ìpín àyè tó kàn án) kí wọ́n lè pín àyè náà dọ́gba.

Pẹ̀lú wrap_content, tó ń jẹ́ kí ìbú bọ́tìnnì tẹ̀lé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, èyí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ gùn jù ló ń gba àyè jù. Mo yí layout_width, ìyẹn ìbú, sí 0dp (dp ni ẹyọ ìwọ̀n ojú fóònù nínú Android), ìbú wọn sì dọ́gba. Àmọ́ “Fi ránṣẹ́ nísinsìnyí” wá di ìlà méjì, ni bọ́tìnnì yẹn bá sọ̀ kalẹ̀ ju àwọn méjì yòókù lọ. Ó hàn gbangba. Orí wọn kò bára mu rárá.

Mo ti yọ gbogbo margin (àlàfo ẹ̀yìn bọ́tìnnì), kò yí padà. Mo fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní gíga 56dp, ó ṣì ń sọ̀. Weight 2 mú un padà sí ìlà kan, ó sì gòkè, ṣùgbọ́n ó fún àwọn tó kù pọ̀. Tí mo bá dín lẹ́tà kù, ẹni tó bá fẹ ọ̀rọ̀ lórí fóònù rẹ̀ yóò tún rí ìṣòro kan náà.

Kí ló ń tì í sísàlẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí gíga wọn dọ́gba? Kí ni kí n kọ sínú LinearLayout náà kí orí wọn lè bára mu, láì fọwọ́ kan 0dp àti weight 1?