Ẹ̀yin tó ń ṣe Dungeons & Dragons (D&D), eré ìtàn tí kálukú ti ń di akọni kan, ẹ sọ ìrírí yín: ṣé ẹ máa ń ju dáìsì fún nọ́ńbà akọni yín ni, àbí ẹ máa ń fi póìǹtì rà á?

Ará Tanke: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀.

Yàrá mi ní Tanke, ní Ìlọrin, la ti ń ṣe D&D nígbà tí mo wà ní 300 level. A jẹ́ mẹ́fà, èmi ni mò ń darí eré. Dáìsì Ludo la fi ń ṣe é: méjì tiwa, méjì tá a yá lọ́wọ́ bọ̀ọ̀dá tó ń gẹrun nísàlẹ̀. Ó ti kìlọ̀ pé kó má sọnù o, torí àwọn oníbàárà ẹ̀ ló ń fi ta Ludo kó tó kàn wọ́n.

Nǹkan mẹ́fà là ń wá nọ́ńbà fún lára akọni: agbára, ìyára, ìfaradà, òye, ọgbọ́n, àti bó ṣe níyì tó lójú èèyàn. Nígbà tí eré yìí jáde ní 1974, dáìsì mẹ́ta ni wọ́n ń jù fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwa ju mẹ́rin, a yọ èyí tó kéré jù, a ro mẹ́ta tó kù pọ̀. Dáìsì kan yẹn kì í ṣe kékeré: bó bá jẹ́ mẹ́ta lásán, 18 tó ga jù kì í jáde ju bí ẹ̀ẹ̀kan lọ nínú ìgbà 216; bó bá jẹ́ mẹ́rin, bí ẹ̀ẹ̀kan nínú 62 ni.

Lọ́jọ́ náà kò síná. A fi fóònù tanná, a ń ju dáìsì sínú àwo ìjẹun kó má baà wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹni àkọ́kọ́ kó 17, 16, 15, 14, 13, 12. Ariwo sọ! Ó wá kan àbúrò kan tó wà ní 200 level. Ó fẹ́ atẹ́gùn sí àtẹ́lẹwọ́, ó ní Bisimillahi, ó jù ú. 11, 9, 8, 8, 7, 6. Ó kọ wọ́n sẹ́yìn handout ẹ̀, kò wí nǹkan kan. Ó yẹ kí n ní kó tún un jù. Mo ní dáìsì ti sọ̀rọ̀. Ó ṣì ń dùn mí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi bá wa jókòó. Bí akọni ẹ̀ bá gbé idà, kò ní ba ọ̀tá. Bó bá gun ògiri, á já bọ́. Nígbà tó yá, ó ní òun ń kàwé test. Mo lọ bá a ní Òkè-Odò. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, mo kàn wá ń wòran yín ni.”

A bá yí sí póìǹtì. Póìǹtì 27 lẹ máa ná, orí 8 ni nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀, ẹ ò lè kọjá 15, 15 kan sì ń gba póìǹtì 9. Gbogbo wọn ló ra 15 mẹ́ta, wọ́n fi 8 mẹ́ta sílẹ̀. Kò sí pé ẹnì kan ju ẹnì kan lọ mọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn akọni náà rí bákan náà bíi búlọ́ọ̀kù.

Èyí tó bá wa lára mu ni àjọjù: àwa mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, kálukú jù lẹ́ẹ̀kan, nọ́ńbà mẹ́fà tó jáde di ti gbogbo ilé, kálukú wá tò ó bó ṣe wù ú. 16, 14, 13, 11, 9, 7. Èmi ni mo ju 7 yẹn, wọ́n sì bú mi dáadáa. Àbúrò yẹn fi 7 sí agbára, 16 sí ọgbọ́n, ó ní bàbá arúgbó eléwé-ọmọ ni akọni òun, tí kò lè gbé ju àpò ewé lọ. Bàbá yẹn ló pẹ́ jù nínú eré wa. Àwọn tó kù ló máa ń bá a gbé àpò.

Ará Ọ̀ffà: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìrírí. Èmi ò lè fi dáìsì mẹ́ta sílẹ̀ o, bó bá ṣe jáde ni mo ṣe ń kọ ọ́, láìtún un tò. Jagunjagun ni mo fẹ́; agbára mi jẹ́ 6, iyì jẹ́ 16. Mo bá di alágbàsọ ọba tó ń fi ẹnu yọ ara ẹ̀ nínú ewu. Bí wọ́n bá ní kí n yàn, mi ò lè ronú kan irú ẹni bẹ́ẹ̀ láé. Ṣùgbọ́n a ti jọ gbà bẹ́ẹ̀ ká tó jókòó.

Ará Òmù-Àrán: Ìgbà ọdún nìkan làwa ń pàdé nílé, ọjọ́ méjì péré. 15, 14, 13, 12, 10, 8 tó wà nínú ìwé òfin eré náà là ń tò, eré bẹ̀rẹ̀. Ará Tanke, ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè fi bàbá eléwé yẹn sínú eré tiwa?

Ará Tanke: Ẹ jẹ́ kí n pe àbúrò yẹn kó tó sùn.