"Tuig" àti "dig": ta ló bí ta?

Ẹ kú àríyànjiyàn o. Ẹnì kan nínú wa ní "dig" tí àwọn onílù jáàsì aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà fi ń sọ pé nǹkan yé àwọn, "tuig" ti èdè Írẹ́lándì ló bí i. Ó ní ọ̀rọ̀ ti parí. Kò tíì parí lójú tèmi.

"Tuig" ni kí ọ̀rọ̀ yéni. "Do-ucci" ni láyé àtijọ́, kí "do" iwájú tó wọnú ara ọ̀rọ̀ náà. Láti pè é, ẹ ti ṣóńṣó ahọ́n mọ́ ẹ̀yìn eyín fún t, kí ẹ wá bọ́ sórí i. Láàárín méjèèjì, w kékeré kan á yọ́ kọjá. G ìparí ń kọ́? Ẹ ṣe bí ẹni fẹ́ pe "gi", kí ẹ má jẹ́ kí i jáde. Nítorí w yẹn ni mi ò ṣe bá àwọn tó ní "twig" ti Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n fi ń sọ pé ọ̀rọ̀ yéni, wá láti ibẹ̀ jà: ìró bára mu, ìtumọ̀ bára mu, àwọn elédè méjèèjì sì jọ ń gbé tipẹ́.

"Dig" ló le. Òótọ́ ni pé ọ̀rọ̀-ìṣe àwọn ará Írẹ́lándì kì í dúró sójú kan. Bi wọ́n pé "An dtuigeann tú?", t á dákẹ́, d lo máa gbọ́, bíi "ẹn dígẹn tú". Wọn ò ní "bẹ́ẹ̀ ni" tàbí "rárá", ọ̀rọ̀-ìṣe náà ni wọ́n ń dá padà: "Tuigim", ó yé mi, "Ní thuigim", kò yé mi, t tún ti di h. Tiwa rèé, gbọ́ ni gbọ́ títí: mo gbọ́, mi ò gbọ́, ṣé o gbọ́?

Àmọ́ d yẹn kì í ṣe ti "tuig", "an" tó ṣíwájú ló fà á. Àárín àwọn aláwọ̀ dúdú la sì ti rí "dig" onítumọ̀ yìí, ní àwọn ọdún 1930. Bó bá jẹ́ ìjọra ìró lásán ni, Wólófù, èdè àwọn ará Sẹ̀nẹ̀gà, ní "dégg", tí wọ́n ń lò gẹ́lẹ́ bí a ṣe ń sọ pé èèyàn gbọ́ Yorùbá. David Dalby, onímọ̀ èdè, ti tọ́ka sí i. Èyí wù mí jù, kí n má parọ́, àmọ́ pé ó wù mí kì í ṣe ẹ̀rí. Ó sì lè jẹ́ "dig" tí wọ́n fi ń gbẹ́lẹ̀ náà ló kàn gba ìtumọ̀ tuntun.

Ẹ bá mi wá àkọsílẹ̀ kan ṣoṣo tí ará Írẹ́lándì ti lò ó báyìí ní Amẹ́ríkà ṣáájú àwọn ọdún yẹn. Màá gbà.